Ohun Tí Mo Pe Coralie

Mo ti wọn àyà Coralie, mo fẹ́ wọn ìbàdí rẹ̀, nígbà tó fa bébà kékeré kan yọ tó sì gbé e sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀: àkàtà.

Èmi ni mo sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dayọ̀ ọmọ mi pè mí láti Berlin pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ erékùṣù Trinidad. Mo ní, "Nínú gbogbo obìnrin ayé, àkàtà lo rí?" Mi ò mọ̀ pé ó ti fi fóònù sí sípíkà, tí ọmọbìnrin náà sì jókòó tì í nínú yàrá wọn ní Schöneberg, ní Berlin níbẹ̀.

Wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Altona, nílẹ̀ Jámánì níbí, lónìí, kí n lè wọn Coralie fún aṣọ ìgbéyàwó. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ káàsán, Mà," ó sì pè é dáadáa. Inú mi ti ń rọ̀ kó tó yọ bébà.

Ó fi Jámánì bi mí ohun tó túmọ̀ sí. Dayọ̀ ti sọ ìtumọ̀ kan fún òun, ó ní, ṣùgbọ́n òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́.

Dayọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mirí sí mi. Mo mọ̀ pé irọ́ ló pa. Bí mo bá pa tèmi tí kò bá tirẹ̀ mu, ìgbéyàwó ti tú. Bí mo bá sì sọ òótọ́, ó lè tú bákan náà.

Mo ní, "Èébú ni. Ẹranko igbó tí kò nílé. Òun là ń pe ẹ̀yin tí wọ́n kó àwọn baba yín lẹ́rú kọjá òkun. Èmi ni mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Má bínú."

"Dayọ̀ ní àlejò ló túmọ̀ sí," ni Coralie wí.

"Mọ́mì, ẹ ti bà mí jẹ́."

Coralie kò wò ó. Ó sọ fún mi pé ìyá ìyá òun máa ń wí pé Yáràbá làwọn. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò. Òun náà máa ń rẹ́rìn-ín, àfìgbà tó pàdé Dayọ̀ tó gbọ́ orúkọ èdè wa.

Yáràbá. Mo pè é lábẹ́ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì.

Ó gbé báàgì rẹ̀. Dayọ̀ náà mú jákẹ́ẹ̀tì, àmọ́ Coralie ní kó jókòó, òun nìkan ló ń lọ sí Bahnhof, ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti yíjú sí mi.

"Ìbàdí mi kù, Mà. Mò ń bọ̀ ní Sátidé."

Dayọ̀ béèrè bóyá àwọn méjèèjì ni yóò jọ wá. Ilẹ̀kùn ti padé.