Sikéèlì Àlàájì Àbúbákr

Ní Ibafo, ta ni kò ní omi níwájú ilé? Kí òjò kàn rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ọmọdé á máa lúwẹ̀ẹ́ lójú títì, àgbà á ká ṣòkòtò dé itan, ọlọ́kadà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ èèyàn. Síbẹ̀, Àlàájì Àbúbákr, akọ̀wé àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ní òun máa gbẹ́ omi sẹ́yìn ilé òun. Suwímín-in púùlù ló ń pè é. Bí ẹ bá pè é ní púùlù lásán, á ní kẹ́ ẹ pè é parí.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ìdí kan wà. Ọ̀kadà ló gbá Fàúsátù ìyàwó rẹ̀ ní Mowe, orúnkún rẹ̀ fọ́. Wọ́n tò ó, ó jinná, àmọ́ ó gan paali. Láti ìgbà náà, orí àga ni Fàúsátù ti ń kírun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run, òun á jókòó gẹlẹtẹ bí oníbàárà tó ń dúró de ṣéńjì, á kàn máa tẹ orí ba. Ó ń dùn ún dọ́kàn. Kò tọrọ mọ́tò, kò tọrọ wúrà. Kí iwájú orí òun tún kan ẹní kí òun tó kú, ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn. Kaosarah, nọ́ọ̀sì tó ń bá a na ẹsẹ̀, ló ní kó máa rìn nínú omi láràárọ̀, pé omi á gbé e, orúnkún á sì máa rọ̀. Òótọ́ sì ni. Fàúsátù rìn ín títí, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri púùlù yìí tí Àlàájì fi ń yangàn. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sínú omi, ẹ̀rọ á wá sọ iyọ̀ náà di kiloríìnì tó ń pa kòkòrò inú omi. "Èmi kì í ra kiloríìnì," ni Àlàájì máa ń wí fún àlejò tí kò bi í ní nǹkan kan, "iná àti iyọ̀ ni mo fi ń sè é." Àdìó, ọmọ Ọ̀ṣun kan tó ń ṣe iṣẹ́ púùlù ní Akute, ló bá a gbé e sí i.

Bó ṣe di ọjọ́ kan, iná pupa tàn lójú ẹ̀rọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iyọ̀ kéré. Àlàájì da odindi àpò iyọ̀ sínú omi. Iná kò kú. Ó da òmíràn sí i. Omi ń ṣe bí omi ewé tí wọ́n fún sílẹ̀ látàná. Kaosarah dé, ó wo omi, ó yínmú.

"Mọ́mì, ẹ ò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ eléyìí o."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ó di ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn bá ṣiṣẹ́."

Àyà Fàúsátù já. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó pe Àdìó. Àlàájì pè é lóòótọ́, ó sì jẹ́ kí fóònù máa pariwó síta kí gbogbo ilé lè gbọ́ bí òun ṣe ń bá oníṣẹ́ ọwọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà," Àdìó ní nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ iná pupa náà. "Sikéèlì ni, sà. Sikéèlì ló wà lórí àwọn pléètì inú ẹ̀. Kí ẹ tó da iyọ̀ kankan—"

"Mo mọ̀, mo mọ̀."

"Ẹ kọ́kọ́ bá mi wo sikéèlì yẹn, sà, torí pé—"

"Mo ní mo mọ̀! Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní ohun tó ń jẹ́ sikéèlì?" Ó pa fóònù.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí Àdìó ní lọ́kàn fún yín, torí Àlàájì kò ní bèèrè láéláé. Ẹfun ni. Ẹfun líle tó máa ń gan mọ́ ìdí ìkòkò tí wọ́n bá fi se omi pẹ́. Ó ti bo àwọn irin pẹlẹbẹ inú ẹ̀rọ, irin kò rí iyọ̀ tọ́ wò mọ́, ló fi ń kígbe pé iyọ̀ kò tó. Àmọ́ sikéèlì kan ṣoṣo ni Àlàájì mọ̀ láyé yìí, èyí tí wọ́n fi ń wọn ọjà.

"Ìyá Ikram, ọ̀rọ̀ ti yé mi!" Ó fi ìdùnnú ké sí ìyàwó rẹ̀. "Ẹ̀rọ ní iyọ̀ kéré. Ọmọ yẹn ní sikéèlì, ó ní pléètì. Kí ló tún kù? À ń da iyọ̀ ní ìdàkudà, a ò wọ̀n ọ́n!"

Ó bá gba ilé Ròkíátù lọ, obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín lójúlé kejì, pé kó yá òun ní sikéèlì rẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ jẹ sikéèlì mi o, Àlàájì."

"Skéèl, Ròkíátù. Skéèl. Ta ló ní kó o fi 'ì' sí ìdí ẹ̀?"

Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, Àlàájì á wọ jàlàbíà funfun, á gbé sikéèlì sẹ́bàá púùlù, á bu iyọ̀ sórí pléètì, á fojú sún mọ́ ọn bí ẹni ń wá òṣùpá ààwẹ̀, á wá dà á sómi pẹ̀lú bísímílà. Sikéèlì ń rùn, iyọ̀ ń rùn, nígbà tó yá omi náà ń rùn bí ẹja. Àwọn ológbò àdúgbò wá tò sí etí púùlù, wọ́n ń retí. Iná pupa kò ṣẹ́jú.

Orúnkún Fàúsátù tún bẹ̀rẹ̀ sí í gan padà. Ohun tó fi ojoojúmọ́ kó jọ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lára.

"Bàbá Ikram, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún pe Àdìó. Ẹ bi í dáadáa."

"Kí n bi í kí ni? Ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ, kó wá máa kọ́ mi ní gẹ̀ẹ́sì?"

Ẹ ò rí ayé! Orúnkún obìnrin lè di igi, kí ọkọ má ṣáà ti la ẹnu sọ pé "kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Àlàájì ti ṣìnà dé Kútọnu, ó ṣì ń juwọ́ sí èrò. Fàúsátù lọ jókòó lórí àga ìkírun rẹ̀, ó sunkún, inú sì bí i gan-an.

Nígbà tí Àlàájì lọ kírun Jímọ̀, Fàúsátù mú fóònù, òun fúnra rẹ̀ pe Àdìó ní Akute.

"Àdìó ọmọ mi, èmi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Kí ni sikéèlì tó o wí?"

"Ẹfun ni, mà. Ó ti le mọ́ irin inú ẹ̀rọ yín."

"Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹja?"

"Mà, ta ló ń wọn ẹja?"

Kí Àlàájì tó ti Jímọ̀ dé, Àdìó ti tú ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ẹfun ti di gbogbo àárín irin pa, funfun, gbagidi. Ó ní omi tánkà tí wọ́n ń rà láti ọ̀nà Ifọ̀ ló kó o wá, pé òkúta ẹfun ló wà nínú ilẹ̀ ọ̀hún. Ó bu omi púpọ̀ sínú kẹ̀ẹ̀gì, ó rọra da ásíìdì díẹ̀ lé e, ó rọ ọ́ sí àárín irin náà. Ó hó ṣàà bíi mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ẹfun ń yọ́ dànù. Lẹ́yìn náà wọ́n fa ìlàjì omi dà sí gọ́tà, torí iyọ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ, iná pupa kú.

Ojú kò mà ti Àlàájì o! Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o rí i? Ṣebí mo ti ń sọ pé sikéèlì ni." Àdìó ń wo ilẹ̀, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

Omi mọ́ padà. Fàúsátù tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ó rìn títí orúnkún fi gbà fún un. Lọ́jọ́ kan, tí Àlàásárì tó, ó ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúró sẹ́yìn ọkọ rẹ̀ lórí ẹní. Àlàájì ló ń ṣe lèmọ́ọ̀mù. Nígbà tó kan ìforíkanlẹ̀, Fàúsátù fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò dúró. Iwájú orí rẹ̀ kan ẹní. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó jẹ́ kó máa bọ́.

Ìgbà tí wọ́n kírun dé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹnì kan jókòó bí ẹni tó ti parí. Àlàájì ni. Ó ku ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Obìnrin kì í sì í sọ̀rọ̀ tún lèmọ́ọ̀mù ṣe lórí ìrun. Àtẹ́wọ́ ló máa ń pa láti fi rán an létí. Fàúsátù pàtẹ́wọ́. Àlàájì kò mira. Bó bá jẹ́ ibòmíràn ni, ì bá ti ní òun mọ̀, àmọ́ wọn kì í sọ̀rọ̀ lórí ìrun. Fàúsátù tún pa á, èyí dún pàà. Ẹ̀yìn ọrùn Àlàájì gan, ó mí kanlẹ̀, ó dìde, ó kí ẹyọ kan tó kù.

Ẹni tó bá gbàgbé lórí ìrun, ó ní láti fi ìforíkanlẹ̀ méjì kún un. Àlàájì forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i, Fàúsátù náà ń tẹ̀ lé e, ó ń pẹ́ nílẹ̀.

Wọ́n sálámà tán. Àlàájì yíjú padà, ó ń wá ohun tó máa sọ. "Ìyá Ikram, èyí yẹn, mo kúkú mọ̀—"

"Bàbá Ikram," Fàúsátù ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbàgbé lọ. Ó bá orúnkún mi lára mu."