Àpá Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì

Ẹ̀rín ń pa mí láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kó tó pa mí tán.

Iṣẹ́ wa ni ká máa kó àwòrán ayé àtijọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn olùwádìí lè rí i lò. Orí dígí pẹlẹbẹ ni àwọn ayàwòrán ìgbà náà ń ya àwòrán sí. Ọ̀gá wa ò mọ̀ ju "Rọra! Rọra!" lọ, la bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá Rọra.

Lánàá ni mo rí dígí kan. Obìnrin kan jókòó nídìí maṣíìnì ìránṣọ, ó jọ màámi bí ìmumu. Ọmọ ọwọ́ ni màámi nígbà tí ìyá wọn kú, wọn ò sì rí àwòrán ìyá náà rí láyé wọn. Ohun tí àwọn ẹbí kàn sọ fún wọn ni pé aránṣọ ni ìyá náà, àti pé àpá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. Mo bá mú màámi wá sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí.

Wọ́n nu awò ojú wọn, wọ́n tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Àpá wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló wà.

"Màámi kọ́ nìyí," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé báàgì wọn. Ó dùn mí wọra.

Aránṣọ ni màámi fúnra wọn náà. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti yíjú padà. "Irú maṣíìnì wo tiẹ̀ nìyẹn? Ta ní ń fọwọ́ òsì yí wíìlì?"

Mo fò sókè. Ẹ̀yìn dígí ni mo kọ sí ẹ̀rọ tó ń kó àwòrán sínú kọ̀ǹpútà! Bí èèyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀tún á di òsì ni. Mo tẹ bọ́tìnnì kan, àwòrán yí padà: wíìlì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, àpá bọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́ òsì.

Màámi lọgun. Mo dì mọ́ wọn, à ń fò káàkiri bí ọmọdé. Ọ̀gá Rọra sáré wọlé.

"Kí lẹ fọ́?"

"A ò fọ́ nǹkan kan. Ẹ wá kí ìyá mi!" ni màámi wí.

Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ìgbà tó dìde ló bi mí pé àwọn àwòrán yòókù ńkọ́. Mo ní bákan náà ni, sà, láti oṣù tó kọjá: gbogbo káfíńtà, gbogbo tíṣà, ọlọ́wọ́ òsì ni gbogbo wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Màámi ò gbọ́ tiwa mọ́. Wọ́n ń fi ìka pa àpá náà.

"Màámi, ọmọ kékeré mà lẹ̀yin o! Èmi ló yẹ kẹ́ ẹ máa kúnlẹ̀ kí," ni wọ́n sọ fún ìyá wọn inú àwòrán.

Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n kúnlẹ̀.