Tábìlì Ilé Kẹtàdínlógún

Ẹni tó bá fẹ́ wo ìlú ahoro náà, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló máa kọ́kọ́ rí lẹ́nu géètì, pẹ̀lú ìdì kọ́kọ́rọ́ tó ń dún wọnran-wọnran ní ìbàdí rẹ̀. Òun ni ẹ̀ṣọ́, òun ni agbálẹ̀, òun náà ló ń mú àwọn àlejò káàkiri. Kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí ìlú ti tú kí ìjọba tó gbà á síṣẹ́, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀.

Èédú ló dá ìlú náà sílẹ̀, omi ló tú u ká. Ilé iṣẹ́ tó ń wa èédú kọ́ ilé mẹ́rìndínlógójì, méjìlá méjìlá ní ìlà mẹ́ta, gbogbo wọn jọra bí ìbejì: yàrá méjì, ilé ìdáná, ilẹ̀kùn iwájú, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú àtẹ̀gùn òkúta. Nígbà tó yá, omi ya wọ inú kòtò. Wọ́n fi ẹ̀rọ fà á fún ọdún méjì, kò gbẹ. Lẹ́tà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún wọn. Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ akẹ́rù á wá kó ilé mẹ́fà.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ mọ ìtàn yìí bí ẹni mowó. Kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àlejò mọ́ ni. Bó bá ní Sátidé mẹ́fà ni ìlú fi kó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n á yán, wọ́n á wo aago ọwọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan gbàgbé ife tíì sórí tábìlì Ilé Kẹtàdínlógún, ilé kan ṣoṣo tí tábìlì ṣẹ́kù sí. Àwọn tó wọlé tẹ̀lé e rí ife náà, ẹnu yà wọ́n.

"Bàbá, ṣé bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ nìyí?"

Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan náà bímọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé àwo kan wá láti ilé kí ife má baà dá wà. Lẹ́yìn náà, síbí. Lẹ́yìn náà, àwo mẹ́ta sí i, àwo onírin tí etí wọn jẹ́ búlúù, àti bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan. Ìyàwó rẹ̀ wá àwo títí, ó fẹ̀sùn kan ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì kíra fún oṣù mẹ́ta. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ káwọ́ lẹ́rán, ó ń wò wọ́n. Ìtàn wá di pé wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí omi ya, pé ìyá ilé náà fi àwo sílẹ̀ láìfọ̀, ó gbá ọmọ mọ́ra, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àlejò ń pọ̀ sí i.

Lọ́jọ́rú kan, akọ̀wé láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó ibi àtijọ́ fẹ́ wá lọ́sàn-án, láti wá kọ ìtàn tábìlì náà sílẹ̀, kí wọ́n lè fín in sára irin lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Wọ́n ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí àlejò bá dín kù, àwọn á ti géètì pa. Nítorí náà, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tètè dé, ó to àwo rẹ̀ dáadáa. Aago mẹ́wàá ò tíì lù nígbà tí obìnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún dé ẹnu géètì.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò lọ síṣẹ́ lónìí. Ilé Kẹtàdínlógún ni mo fẹ́ wò."

"Gbogbo ayé ló fẹ́ wò ó. Torí tábìlì, àbí?"

"Torí tábìlì náà ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ mú kọ́kọ́rọ́ ilé náà, ó ṣíwájú.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó gbàdúrà tó máa ń gbà kó tó ṣílẹ̀kùn: "Olúwa, jẹ́ ká wọlé ire, ká jáde ire." Nọ́ọ̀sì ṣe àmín. Ó wọlé, ó dúró níwájú tábìlì, ó fi ìka kan yí àwo kan po.

"Bàbá, ta ló kó ìwọ̀nyí síbí?"

"Bá a ṣe bá a nìyẹn."

"Ẹ wò mí lójú. Ìyá tèmi ló fi àwo sílẹ̀ láìfọ̀? Ìyá tí wọ́n ń pè ní Afínjú? 'Afínjú, a-fọlẹ̀-fọ-ògiri, ìdọ̀tí rí ọ, ó gba ẹ̀yìnkùlé sá!' Bí àwọn obìnrin ìlà kejì ṣe ń kí i nìyẹn. Àwo tí a ò fọ̀ ò sùn nílé wa rí."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

"Tẹ́ ta? Màmá mi ò kú o! Aládùúgbò wa kan ló rí tábìlì yìí lórí fóònù, tó lọ fi hàn wọ́n. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, 'Ayé á ní ọ̀bùn ni mí.' Láti ọjọ́ yẹn, bí èèyàn bá kan ilẹ̀kùn, ìgbálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ẹ ti tún un ṣe, kí ọlọ́jọ́ tó dé."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ jókòó sórí àga. "Akọ̀wé ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ara irin ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sí. Bí mo bá ní irọ́ ni, àlejò ò ní wá mọ́, èmi náà á sì padà sílé."

"Ẹ̀yin fẹ́ fín in sára irin pé ọ̀bùn ni ìyá mi?"

Nọ́ọ̀sì ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Korobá wa rèé!"

"Èyí tí mo máa ń jókòó lé?"

Korobá ọ̀hún dojú dé lórí àtẹ̀gùn, ó ti dípẹtà.

"Ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ti inú kòtò èédú bọ̀ ṣe máa ń rí. Bí obìnrin ibí bá fọlẹ̀ tán, á dojú korobá dé sórí àtẹ̀gùn. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ ò tíì gbẹ, kẹ́nikẹ́ni má wọlé. Bàbá mi, bí wọ́n ṣe ga tó, tí wọ́n bá ti rí korobá, ìta ni wọ́n máa dúró sí bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé. Lọ́jọ́ tí à ń lọ, ẹrù ti wà nínú ọkọ̀, dírẹ́bà ń fọn fèrè, màmá mi ṣì wà lórí eékún, wọ́n ń fọlẹ̀ bọ̀ láti yàrá. Bàbá mi ní, 'Ta lò ń fọ̀ ọ́ dè?' Màmá mi ní, 'Èmi ni mo gbé ibí.' Wọ́n dojú korobá dé, wọ́n wọkọ̀."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wo ẹ̀yìn ilé tó tẹ̀ lé e, ó wo èyí tó tún tẹ̀ lé e; korobá dojú dé lórí àtẹ̀gùn wọn náà. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn àlejò máa ń jókòó lé àwọn korobá náà láti so okùn bàtà.

Akọ̀wé dé ní aago méjìlá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé báàgì àti ìwé dání. Ó gbé báàgì kalẹ̀ nínú ilé, ó yọ bírò.

"Áà, tábìlì ọ̀hún rèé! Ẹ sọ ọ́ fún mi, Bàbá. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́..."

"Àwo ìyàwó mi ni."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Bàbá yìí, ẹ fẹ́ràn àwàdà jù."

"Etí búlúù. Mẹ́rin ni. Ẹ lọ bi í."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu akọ̀wé. Ó wo nọ́ọ̀sì, ó wo àwo. "Ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́. Kí ni kí n wá kọ? Kí ni àlejò máa wò?"

"Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn."

Ó mú un rin ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nọ́ọ̀sì ń ṣàlàyé, akọ̀wé ń kà. Korobá mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ṣẹ́kù. Òmíràn ti lu jára, òmíràn ti wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ìdí gbogbo wọn ló kọjú sókè. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì kà á síta: "Àwọn obìnrin ìlú yìí fọ ilé wọn kí wọ́n tó lọ."

"Ẹ fi Afínjú kún un," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ó fi kún un. "Ṣùgbọ́n mi ò ṣèlérí pé wọn ò ní ti géètì o, Bàbá."

"Mo gbọ́."

Akọ̀wé fẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé lọ mú báàgì rẹ̀. Ó dé ibi korobá, ó dúró, ó sì yí gba iwájú.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbé àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀ nílé ìdáná. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀kan, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì mí níwájú ìyàwó àbúrò ẹ. Níbo lo ti rí i? Ta ló ń fi àwo mi jẹun láti ọjọ́ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó fi jẹun," ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wí, ó sì ń wá kàn-ìn-kàn-ìn. "Wọ́n ti fọ gbogbo tiwọn kí wọ́n tó lọ."