Ọkùnrin Kan Ṣoṣo Tí Mùjíbátù Tọrọ

Ohun kan ṣoṣo ni Ṣítù bẹ ìyàwó rẹ̀ kí ó tó kú: kí Mùjíbátù má jẹ́ kí wọ́n sin òun láìkírun sí òun lára. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń bẹ̀rù kí irú ẹ̀ má ṣẹlẹ̀, nítorí lèmọ́mù kan ṣoṣo ló wà lábúlé wọn, ọ̀nà sì jìn sí Moniya tí wọ́n ti lè rí òmíràn.

Mùjíbátù ní, "Bàbá Hàjàrá, mo gbọ́. Wọn óò kírun sí yín lára." Àṣé kò mọ ohun tí òun ń ṣèlérí, ọmọ olọ́mọ!

Ọdún tí ogun àwọn òyìnbó ń parí lọ ni. Ṣítù ru ekùrọ́ lọ sí ìdí ọkọ̀ ojú irin ní Ìbàdàn, ikọ́ àti ibà ló gbé bọ̀. Kì í ṣe òun nìkan. Kí ọjọ́ mẹ́sàn-án tó pé, abúlé ti dá páropáro. Lèmọ́mù kú, làdánì kú. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ṣì gbé wọn ti sá wọ inú oko lọ, àwọn tó kù wà lórí ẹní, wọn ò lè dìde. Ewúrẹ́ ń wọ yàrá onílé, kò sí ẹni tí yóò lé e.

Ìyálẹ̀ta ọjọ́ Jímọ̀ ni Ṣítù dákẹ́. Hàjàrá ọmọ wọn wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn, Mùjíbátù fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́, ló fi aṣọ funfun dì í. Lẹ́yìn náà ó gbé ọkọ́, ó lọ sábẹ́ igi obì lẹ́yìn ilé. Ara tirẹ̀ náà ń gbóná janjan. Ilẹ̀ tó gbẹ́ kò tíì mu ún dé kókósẹ̀ tí ọkọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀.

"Ọlọ́run, n ò ní kí O jí i. N ò ní kí O wò mí sàn. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ, Mùsùlùmí tó mọ ìrun òkú. Ọ̀kan péré!"

Ó wí i títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìgbà tó gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́, ó gbójú sókè. Ẹ gbà mí o! Ta ni ì bá tún jẹ́? Ọdẹkúnlé ni, ọdẹ tó ń bọ Ògún, tí ajá rẹ̀ lá omi àlùwàlá Ṣítù, tí àwọn méjèèjì fi bára wọn yodì fún ọdún méjì gbáko. Inú bí Mùjíbátù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bi Ọlọ́run bóyá kò gbọ́ ohun tí òun wí ni.

Ọdẹkúnlé ní, "Gbé ọkọ́ wá."

Ó ń gbẹ́ ẹ, ó ń wúkọ́, ó ń jókòó sinmi. Ọwọ́ alásàárì ló tó parí. Wọ́n wọ́ òkú wá sétí sàréè.

"Ó yá, Ìyá Hàjàrá. Ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é."

"Bàbá Ọdẹ, n ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn pátápátá làwa obìnrin ń wà. Fátíhà nìkan ni mo mọ̀."

"Ṣé Ọlọ́run yín kì í gbọ́ ìyẹn ni? Èèyàn mélòó ló ń tò sẹ́yìn ẹni tó ń kí i?"

"Ìlà mẹ́ta."

"Èmi nìkan ló wà, má bínú."

Ó tú oògùn ìdí rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi obì. Ó da omi sẹ́sẹ̀ bó ṣe máa ń rí i tí Ṣítù ń ṣe. Ó dúró lẹ́yìn Mùjíbátù. Nígbà tí Mùjíbátù gbọ́wọ́ sókè, òun náà gbé tirẹ̀. Fátíhà náà fọ́ mọ́ obìnrin náà lẹ́nu, ẹkún gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà. Ọdẹkúnlé kò kúrò lójú kan.

Ọjọ́ kẹta, Ọdẹkúnlé kú. Ibà ti ń fi Mùjíbátù sílẹ̀ nígbà náà. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣítù. Kò jìn rárá, ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn.

Nígbà tí àìsàn lọ tán, lèmọ́mù kan wá láti Moniya pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ó bèèrè ẹni tó kírun sí Ṣítù lára.

"Èmi ni."

"Ta ló tẹ̀ lé ọ?"

"Ọdẹkúnlé ọdẹ."

Lèmọ́mù mi orí. Kò bú u. Ó ní àwọn óò tún un kí. Wọ́n tò ní ìlà mẹ́ta, wọ́n kí i dáadáa, gẹ́gẹ́ bí Ṣítù ṣe fẹ́ ẹ. Mùjíbátù dúpẹ́ títí. Wọ́n yí padà, wọ́n fẹ́ máa lọ.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ẹnì kan," ó nàka sí sàréè kejì.

Lèmọ́mù wolẹ̀. "Ìyá, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ wa."

Wọ́n lọ. Mùjíbátù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró síbi sàréè Ọdẹkúnlé, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ka Fátíhà tán láìfọ́. Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan.

Ó ní, "Ọlọ́run, Ìwọ ni O rán an sí mi. N ò mọ ibi tí O fi í sí. Bá mi tọ́jú rẹ̀."