Ìkòkò Tí Kò Ní Àkèré

Sabina na ọwọ́ méjèèjì, ó dínà mọ́ Eusebia, ìyá àgbà rẹ̀, létí adágún Titicaca. Eusebia fi aṣọ aláràbarà pọn ìkòkò amọ̀ sẹ́yìn bí ọmọ. Nínú ìkòkò, àwọn àkèré ń rọra yí ara wọn ká bí ẹni ń lálàá.

"Yà lọ́nà, ọmọ mi. Oòrùn ti ń ga."

"Ìyá àgbà, ẹ má gbé wọn gòkè. Àrùn wà lára wọn."

Àrùn yìí ni Sabina ń kọ́ láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó ń mú kí awọ àkèré nípọn, bẹ́ẹ̀ awọ náà ni wọ́n fi ń mí. Àrùn náà ti wọ adágún. Kòtò omi orí òkè nìkan ló ṣì mọ́. Àmọ́ bí ọ̀dá bá dá, ẹ̀bá kòtò yẹn ni àwọn Aymara, ẹ̀yà tó ń gbé létí adágún náà, máa ń gbé àkèré adágún lọ, sínú oòrùn, kí òùngbẹ gbẹ wọ́n, kí wọ́n ké, kí ọ̀run ṣàánú. Bí òjò bá kún ìkòkò, àwọn àkèré á lúwẹ̀ẹ́ bọ́ sínú kòtò, tàwọn tàrùn. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló há sọ́wọ́.

Fermín, àgbà tó ń ṣíwájú àwọn tó fẹ́ gòkè, ti ewé kóká tó ń jẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. "Ṣé oyè ẹ yẹn ló máa rọ òjò sórí ọ̀dùnkún wa?"

Sabina yọ fóònù. Ohùn àkèré tó ti gbà sílẹ̀ jáde níbẹ̀, ketekete. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé èyí lọ."

Ẹ̀rín pa Fermín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Fóònù! Òùngbẹ wo ló máa gbẹ fóònù?"

Eusebia kò rẹ́rìn-ín. "Ara wọn ò yá lóòótọ́?"

"Lóòótọ́ ni, ìyá àgbà."

Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dá àwọn àkèré padà sómi lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìwọ lo dá wọn dúró. Ìwọ ni wàá ké dípò wọn."

Sabina fi oògùn apakòkòrò fọ ìkòkò àti bàtà gbogbo wọn, kí àrùn má bàa bá wọn gòkè. Fermín ráhùn pé bàtà òun kì í ṣe abọ́ ọbẹ̀, síbẹ̀ ó na ẹsẹ̀ sí i.

Lókè, Sabina jókòó ti ìkòkò òfìfo láìmu omi. Ojú kọ́kọ́ ń tì í. Nígbà tó yá, kò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀run mọ́, yálà ti òkè ni àbí èyí tó hàn nínú omi kòtò. Ètè rẹ̀ gbẹ. Ó ń ṣe é bí ẹni pé awọ tirẹ̀ náà ń nípọn. Ohùn kan jáde lọ́fun rẹ̀, ó há, ó burẹ́wà. Fermín pàápàá kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, lábẹ́ òkúta inú kòtò, ohùn kékeré kan dáhùn. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Ọwọ́ Sabina lọ sínú àpò láti mú òwú tó fi ń nu ikùn àkèré kó lè yẹ àrùn wò. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀.

Kò sí ìkùukùu kankan. Síbẹ̀ Eusebia fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀, bí ẹni tí òjò fẹ́ pa.

Sabina tún ké. Kò mọ̀ mọ́ bóyá òjò lòun ń pè, tàbí àwọn àkèré.