Ọkọ̀ Tí Kò Dáhùn

"Ẹ tún fi kún agbára ìpè náà," ni Ọ̀gá wí, Àǹtí Redíò sì fi kún un. Níta, àwo irin tó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù gbójú sókè, ó ń pe ọkọ̀ kan tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, tó jìnnà sí ayé débi pé ìgbì redíò, tí kì í rìn gbẹ̀rẹ́, ń lo wákàtí kan kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á tún lo òmíràn kó tó padà. Bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa, ọkọ̀ náà kì í fọhùn àfi bí wọ́n bá pè é. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ń pè é, kò dáhùn. Bí ilẹ̀ òní bá ṣú láìgbúròó rẹ̀, Ọ̀gá yóò kéde pé ó ti kú.

Irun orí Àǹtí Redíò ṣì dúdú nígbà tí wọ́n rán ọkọ̀ yìí lọ. Ó dùn ún dé ọkàn pé wọ́n fẹ́ sin òkú tí wọn ò rí. Inú tún ń bí i sí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ó pe ilé, bàbá ọkọ rẹ̀ ló gbé fóònù.

"Bàbá, ṣé ẹ ti lo oògùn?"

"Ta nìyẹn?"

Ó han. Ó tún han, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi fèrè, gbogbo yàrá yíjú wò ó. Ọkọ rẹ̀ tó wà nítòsí Bàbá gba fóònù, ó fi ohùn rẹ̀ tó nípọn béèrè ohun kan náà, kò tilẹ̀ gbé e sókè.

"Mo ti lò ó láàárọ̀," ni Bàbá dáhùn. "Sọ fún ìyàwó rẹ kó yéé pariwo mọ́ mi. N kò tíì kú. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni etí mi ò gbà mọ́."

Àǹtí Redíò rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ náà móoru ti bàjẹ́, gbogbo wọn ló mọ̀. Òtútù sì lè sún redíò inú rẹ̀ kúrò lórí ìkànnì tó ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, kó máa gbọ́ nísàlẹ̀ ibẹ̀. Orí ìkànnì àtijọ́ ni wọ́n sì ń han sí láti ọjọ́ yìí. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Agbára ni àwọn ń fi kún ṣáá.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ agbára sílẹ̀. Ká máa sún ìkànnì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bá a ti ń pè é."

"Tí kò bá dáhùn ńkọ́?"

"Ẹ sin ín nígbà náà."

Wọ́n sún un, wọ́n pè é, wọ́n tún sún un. Lẹ́yìn náà, ó ku kí wọ́n jókòó dúró de èsì. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, tó ń mì díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ náà ti dáhùn. Ọ̀gá rọra jókòó sórí tábìlì.

Àǹtí Redíò ka ìròyìn tí ọkọ̀ náà fi ránṣẹ́ nípa ara rẹ̀. Lójoojúmọ́ tí wọ́n fi ń sọ pé ó ti kú, ó ń yíjú sí ọ̀nà ayé, ó ń dúró. Omi lé sí i lójú. Àwọn ni wọn kò pè é síbi tó ti lè gbọ́.