Àgò Onílé ní Adelphi

Bí ẹ bá rí Alàájì Ṣítù lọ́sàn-án Jímọ̀ yẹn, ẹ ó rò pé ojú àlá ló ti ń rìn. Òdòdó igi funfun ń já bọ́ sórí òpópónà ní Adelphi, ní Maryland l'Amẹ́ríkà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ku èlùbọ́, bàbá sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láàárín rẹ̀. Inaayah, ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún, bàbá kò sì tí ì gbé e rí. Ìbàdàn ló wà níbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Inú fóònù ló ti rí ojú ọmọ. Àná ló dé. Kó tó tú ẹrù rẹ̀ rárá, ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú jáde níbi tó tì í mọ́ nílé, ó fi há ìbàdí.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ọdún kẹta rèé tí àwọn kan yìnbọn níwájú ilé epo kan ní Suitland níbi tí bàbá ti ń ra omi. Ọta fẹ́ ẹ létí kọjá, gíláàsì fọ́ lé e lórí. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn tó bá gbá lásán, bàbá á fò sókè. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ wákàtí mẹ́rìndínlógún, ó tẹ̀ka, ìjọba Maryland sì fún un níwèé àṣẹ láti máa gbé ìbọn. Olùkọ́ ka àwọn ibi tí òfin ní kí wọ́n má gbé e wọ̀: ilé-ìwé, ilé-ìwòsàn, ilé onílé, àfi bí onílé bá fẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda. Bàbá ń mi orí, "Yes, sir." Ilé onílé! Ta ló máa sọ fún bàbá Yorùbá pé ilé ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ ilé onílé? Ó tilẹ̀ fi ẹ̀kọ́ náà yangàn fún Hidayah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lórí fóònù.

Ó gun àtẹ̀gùn dé ẹnu ọ̀nà Hidayah.

"Àgò onílé o!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Hidayah kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ kú àbọ̀, Dádì. Ẹ kú ìrìn." Òórùn ọṣẹ ọmọ tú jáde. Mọ̀ríámọ̀, ìyàwó bàbá, tó ń wẹ ọmọ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ń kọrin jẹ́jẹ́ nínú yàrá. Bàbá ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ṣùgbọ́n Hidayah ò dìde. Ibi tí bùbá ti wú níbàdí bàbá ló ń wò.

"Dádì, ṣé ó wà lára yín?"

"Ó wà. Permit mi náà wà."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé state law ní onílé gbọ́dọ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Dádì. Mi ò lè sọ ọ́. I can't. Ẹ̀yin, ẹ wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú ìyẹn."

"Hidayah, ẹnu ọ̀nà lo dá èmi dúró sí?"

Inú bí i débi pé kò dágbére. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀. Òdòdó ń bo gíláàsì díẹ̀díẹ̀ títí ìta fi funfun, tó sì dákẹ́ rọ́rọ́ bí inú oorun. Nínú funfun yẹn ló ti gbóhùn ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà tó wà lọ́mọdé: bó o bá kágò, dúró. Bó jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló máa dá ẹ lóhùn, dúró. Ó kágò lóòótọ́. Kò dúró gbọ́ èsì. Àbí ìjọba Maryland mọ ìyá òun ni? Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹ̀rù ń bà á. Bí kò bá sí nǹkan yìí lára rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ó wà níhòòhò.

Ó ti ìbọn náà mọ́ inú àpótí irin tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó tún gòkè.

"Àgò onílé o."

Ó dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì níta. Hidayah ṣílẹ̀kùn, ó wo ìbàdí rẹ̀: bùbá ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Àgò yà, Dádì mi."

"Hidayah, ẹ̀rù ń bà mí."

"Mo mọ̀, Dádì. Ẹ wọlé, ẹ jókòó." Ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Inaayah wúwo ju bí bàbá ṣe rò lọ, ó sì gbóná.

Nísàlẹ̀, ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn, gbàà! Ọwọ́ ọ̀tún bàbá fẹ́ sáré lọ síbàdí. Kò ráyè. Orí Inaayah ló wà nínú ọwọ́ náà. Àyà bàbá ń lù kìkì, ọmọ sì ń sùn lọ lórí àyà tó ń lù náà.